Oṣù Tí Ó Nàró

Bàbá mi, ẹni tí ó máa ń fi etí jalamíà nu awò ojú kí ó tó wo oṣù,

Ọmọ yín ni mo ń kí yín. Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí sàréè yín fẹ̀, kí ó sì ní ìmọ́lẹ̀. Ìyá mi wà ní àlàáfíà. Búúta yín ṣì wà níbi tí ẹ máa ń gbé e sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n ń bu omi sí i láràárọ̀ bí ẹni pé ẹ ń bọ̀ wá ṣe àlùwàlá, n kò sì lè bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀.

Yunifásítì ti gbà mí. Físíìsì ni mò ń kà. Ẹ kò dúró gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí inú yín dùn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, n kò tíì na ọwọ́ sókè rí nínú kíláàsì. Bí olùkọ́ bá béèrè ohun tí mo mọ̀, màá tẹ orí ba ìwé mi títí ẹlòmíràn yóò fi dáhùn. Lẹ́yìn náà ni màá wá máa bi ara mi bóyá mo tilẹ̀ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Torí náà, nígbà tí wọ́n ní kí àwa ọdún kìn-ín-ní lọ ṣiṣẹ́ díẹ̀ níta, kí ọ̀gá ibẹ̀ sì fọwọ́ sí ìwé wa kí a lè rí máàkì gbà, mo yan ibi tí mo rò pé wọn kò ní bi mí ní nǹkan kan. Ilé Àfihàn Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yìn Ọ̀fà Garage ni ó wà, láàárín àwọn tí ń ta pákó àti àwọn alágbẹ̀dẹ. Iṣẹ́ mi ni láti mú àwọn àlejò rìn yí i ká, kí n sì máa sọ ohun tí ọ̀gá ti kọ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀yin náà yí i ká.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Àgbá epo ni wọ́n tò léra, tí wọ́n jó pọ̀, tí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun bò. Okùn irin ni wọ́n fi so ó mọ́ ògiri kí ó má baà wó lu àwọn onípákó. Ohun tí wọ́n ní ó ń lọ sínú òṣùpá, atẹ́gùn ọ̀sán lásán ń mì ín, á sì máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n gbàgbé sínú ilé. Alángbá ni ó ń gbé inú rẹ̀. Bí ọ̀gá wa bá ti ń ṣàlàyé, wọ́n á yọjú, wọ́n á máa mi orí sókè sódò. Àwọn nìkan ni mo tíì rí tí ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Kọmándà ni ọ̀gá náà ní kí a máa pe òun. Ìlú òyìnbó ni ó ti dé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí ó ní síìpù láti itan dé ọrùn ni ó máa ń wọ̀, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kí síìpù náà parí ìrìn àjò rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó rí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ní irú rẹ̀ já sínú òkun nígbà tí ó ń ti òṣùpá bọ̀. Táǹkì omi dúdú ni, tí wọ́n gé fèrèsé sí lára. Lóòótọ́, òun àti omi mọ ara wọn dáadáa; àmì ibi tí omi máa ń dé ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ ni ère tí àwọn aránṣọ fi ń pàtẹ aṣọ obìnrin. Ó dé akoto ọlọ́kadà, ó wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń fọ abọ́, ètè rẹ̀ sì pupa fòò. Òkúta òṣùpá wà nínú àpótí gíláàsì, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìdàrọ́ irin ni, bàbá mi. Irú rẹ̀ kún ẹ̀yìn ilé àwọn alágbẹ̀dẹ tí ó múlé tì wá.

Tẹlifíṣọ̀n kan wà tí ó ń fi bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń gbéra hàn. Bí iná bá lọ, èmi ni màá fi ẹnu kà láti ẹ̀wá wá sí oókan, màá sì fi ẹnu hó bí iná rẹ̀. Èmi tí ẹ kọ́ ní kéwú kí ẹnu mi lè mọ́, èmi ni mo ń dúró níwájú àwọn àgbàlagbà tí mò ń ṣe húúúúú. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Gbogbo ìyẹn ni mo gbé mì. Èyí tí ó há mi lọ́fun ni ògiri ìkẹyìn. Wọ́n kùn ún ní dúdú, wọ́n kọ OJÚ Ọ̀RUN ÌLỌRIN sí òkè rẹ̀, wọ́n sì ya oṣù kan síbẹ̀ tí ó nàró ṣánṣán bí ọlọ́pàá, ìràwọ̀ kan sì jókòó sí àárín ìwo rẹ̀ méjèèjì. Ibi tí ó ṣókùnkùn yẹn, ara oṣù náà ni. Ìràwọ̀ wo ni ó lè gba inú rẹ̀ yọ? Àti pé oṣù nàró! Ní Ìlọrin! Ìgbà mélòó ni a ti jọ gun orí àpáta ẹ̀yìn ilé wa láti wá oṣù aáwẹ̀ fún àdúgbò? Ẹ ó nu awò yín, ẹ ó wo ìwọ̀-oòrùn, ẹ ó dákẹ́. Ẹ ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, ẹ ó yí orí mi síbẹ̀, màá sì rí i tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ bí igbá tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí gbangba. Ó lè gbé èjìká kan sókè díẹ̀. Kò dìde dúró rí.

Mo kó ìgboyà jọ, mo lọ bá Kọmándà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, oṣù yìí... níbí, ó máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ ni, sà.”

Ó wò mí bí ẹni tí ewúrẹ́ kí káàárọ̀. “Fẹ̀yìn lélẹ̀? Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?”

“Bàbá mi máa ń—”

“Ìwọ ọmọ yìí, lórí mọ́ṣáláṣí wo lo ti rí oṣù tó sùn? Lórí káàdì Iléyá wo? Ka ohun tí mo kọ fún ẹ, màá sáìnì pépà rẹ. Tó o bá fẹ́ dá ọ̀run tìẹ sílẹ̀, ó yá, máa lọ.”

Mo ní kí ó má bínú. Mo tọrọ àforíjì nítorí ohun tí ojú mi rí.

Ẹ má sì rò pé òun nìkan ni. Ìlú tí ó ń fi oṣù jà lọ́dọọdún ni ìlú wa, tí ẹni tí ń jà náà sì tẹ orí ba fóònù, tí kò wo òkè. Alájì, lọ́yà, olùkọ́, gbogbo wọn ni ó dúró níwájú ògiri yẹn ya fọ́tò, tí kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ojú tì.

Ṣùgbọ́n kí n tó délé lọ́jọ́ náà, iyèméjì ti wọ̀ mí. Ojú Àṣá ni ẹ ń pè mí, nítorí pé èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rí oṣù. Ṣé lóòótọ́ ni? Àbí ẹ mọ̀ pé ojo ni mí, ẹ kàn ń fi orúkọ náà gbé mi ró? Ta ni kí n bi?

Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń wá oṣù aáwẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé kéwú kan dé láti Òkè-Oyì pẹ̀lú àáfà wọn. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lọ́nà, ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ kí wọ́n tó wọlé. Nígbà tí a dé ibi ògiri náà, ọmọbìnrin kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ fà mí láṣọ.

“Àǹtí, ṣé bó ṣe máa rí nírọ̀lẹ́ yìí nìyí? Àáfà ní ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló máa kọ́kọ́ jẹ dàbínù.”

Kọmándà dúró lẹ́nu ọ̀nà, bíírò wà ní àpò rẹ̀. Bí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, máàkì mi ti wọlé, ọmọ yìí yóò sì lọ máa wá ohun tí kò sí lójú ọ̀run.

“Irọ́ ni,” mo wí. Ohùn mi tínrín. “Ẹ má wo eléyìí. Ẹ tẹ̀lé mi.”

“Ta ló ní kí wọ́n jáde?” Kọmándà ń pariwo lẹ́yìn wa.

A dúró sórí òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó níta. Oòrùn ti wọ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà mú, mo yí orí rẹ̀.

“Àǹtí, mi ò rí nǹkan kan.”

“Má wá èyí tó nàró. Èyí tó sùn ni kó o wá.”

Ó ń wá a. Lẹ́yìn náà ni ó fò sókè. “Òun nìyẹn! Àǹtí, ó sùn lóòótọ́!”

Àáfà wọn ké kábàrá, ó ń gbé Ọlọ́run ga. Kọmándà sáré jáde, ó ń wo ṣóńṣó orí rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. “Níbo? Níbo ló wà?”

“Bàbá, ẹ wo ìsàlẹ̀,” ọmọ náà wí. “Kò sí lórí àgbá yín.”

Kọmándà kò fọwọ́ sí ìwé mi. Ó ní kí n gbé e fún oṣù mi kí ó bá mi sáìnì ín. Nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kejì, ó ti gbé pátákó tuntun síta: NÍBÍ NI WỌ́N TI KỌ́KỌ́ RÍ OṢÙ AÁWẸ̀ NÍ ÌLỌRIN. Ó ya oṣù sí abẹ́ rẹ̀. Oṣù náà nàró.

Máàkì ti lọ, màá wá ibòmíràn. Kì í ṣe ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Bàbá mi, kí ọmọ yẹn tó pariwo, mo ti rí i. Ó tínrín bí okùn òwú. Ariwo ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo sì gbé e mì, mo ń dúró de ọmọ náà. Ibẹ̀ ni mo ti rántí bí ẹ ṣe máa ń dákẹ́ kí ẹ tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú. Ṣé ó máa ń nira fún ẹ̀yin náà láti rí i kí ẹ sì dákẹ́?

Mo wo ojú ọmọ náà nígbà tí ó ń jẹ dàbínù rẹ̀. N kò bínú sí yín rárá.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ máa ń fi oṣù sílẹ̀ fún,
Ojú Àṣá yín.