Ìbò Tí Mo Kà ní Ajue Lẹ́yìn Tí Ẹ Lọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ilé kò burú. Kòkó so díẹ̀ lọ́dún yìí, Màmá sì ń jẹun. Ọ̀rọ̀ ìdìbò ààrẹ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé.

Ìjọba ológun kó àwa olùkọ́ síṣẹ́ ìdìbò, wọ́n sì fi mí sí Ajue, nílé wa níbí. Abẹ́ igi mángòrò ilé ẹ̀kọ́ la gbé àpótí sí. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe: kí ìrì tó gbẹ, ẹ ti kan gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ ó wá di ọwọ́ Màmá mú títí dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn, síbẹ̀ gbogbo wọn jáde.

Aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú yín wá láti Ore. Kò tilẹ̀ wo ìlà. Ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, "Ọmọ Alàgbà, ti ibí yìí ò le. Àwọn èèyàn bàbá ẹ ni."

Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mò ń gbé ìwé kọ̀ọ̀kan sókè kí gbogbo ojú lè rí i. Ti ẹgbẹ́ kejì. Ti ẹgbẹ́ kejì. Tiyín kan. Ti ẹgbẹ́ kejì. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀pà sílẹ̀, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Bákan náà ló rí. Àwọn èèyàn ń wolẹ̀, kò sẹ́ni tó hó. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i.

Màmá ń bó ẹ̀gẹ́ nígbà tí mo délé. Mo bi wọ́n pé, "Ta ló yí wọn lọ́kàn padà?"

Wọn ò gbójú sókè. "Èmi ni. Mo bá àwọn obìnrin ìjọ sọ ọ́, àwọn náà bá ọkọ wọn sọ ọ́."

"Ẹgbẹ́ Bàbá mà ni!"

"Mo mọ̀. Gbogbo ìgbà ìdìbò ni ẹgbẹ́ ń ṣèlérí ọ̀nà fún bàbá ẹ. Lọ́jọ́ tá à ń gbé wọn lọ sí ọsibítù, ọ̀nà wo la gbà?"

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin gbé yín lórí pákó, ẹ sì dákẹ́ ká tó dé títì.

Gbogbo ọdún tí ẹ fi di ọwọ́ Màmá mú yẹn, Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn? Ṣé ẹ béèrè rí?

Kò pẹ́ tí àwọn ológun fi kéde lórí rédíò pé àwọn ti fagi lé ìdìbò náà. Àwọn obìnrin ìjọ wá bá mi ní kíláàsì. "Tíṣà, ṣé a ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni?" Mo ní wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. "Kí ló wá dé?" Mò ń wo pátákó ìkọ̀wé.

Èmi náà dìbò láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò kí èrò tó dé. Màmá ò bi mí léèrè ẹni tí mo dì í fún. Bí tiwọn ni mo ṣe dì í, kí n tó mọ̀ rárá pé wọ́n bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ní kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.