Lọ́ọ̀rì Onírin Tí Wọ́n Ń Mú Bọ̀

Bàbá mi, gbẹ́nàgbẹ́nà tó bí gbẹ́nàgbẹ́nà,

Mo ń kọ "ẹ" àti "yín" sí yín nínú ìwé yìí nítorí bẹ́ẹ̀ ni tíṣà kọ́ wa kí n tó sá kúrò nílé ìwé. Nílé, "ìwọ" ni mo máa ń pè yín bíi gbogbo ọmọ Adó, torí ẹ̀ka èdè wa kì í fi "ẹ" pọ́n àgbà lé, ẹ kì í sì í bínú. Ẹ má rò pé ikú yín ló sọ mí di ọmọlúàbí.

Ṣọ́ọ̀bù yín ṣì wà lójú ọ̀nà Ìjàn. N kò tíì rí ẹni tó lè há ìṣó sí ètè bíi yín, kó sì tún máa bá ọmọ wí. Lọ́ọ̀rì ṣì ń ti Ìbàdàn wá bá wa ní ìhòòhò, ẹ́ńjìnnì, táyà àti egungun irin lásán, tí dírẹ́bà á jókòó lórí àpótí, tí òjò á máa pa á. Àwa la ṣì ń fi pákó ìrókò ṣe orí àti ara fún un. Mo ṣì máa ń mú ìró ìyàwó mi sáré jáde, kí n nà án sí dírẹ́bà: "Bo ìyàwó rẹ, àwọn àgbà ń wò ó!" Ìyàwó mi ní àgbà tí kò níyì ni mí. Ṣé irọ́ ló pa?

Àmọ́ ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe àwàdà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan mú ìwé àwòrán wá láti ilé iṣẹ́ tó ń ta àwọn ọkọ̀ náà. Mọ́tò kékeré wà níbẹ̀, ti àwọn tíṣà àti akọ̀wé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn. Ó ní bí ọdún bá yí, owó rẹ̀ á gòkè. Èyí tó gùn, tó ń dán bí imú ajá, ti àwọn lọ́yà ni. Mo bi í bóyá wọ́n ní èyí tó ń jẹ koríko, torí epo ti wọ́n. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ojú ìwé tó kan lọ́ọ̀rì. Èyí tó wà ní ìhòòhò, ẹgbẹ̀rin pọ́n-ùn, ó ní àṣekẹ́yìn rẹ̀ nìyí. Lọ́dún tó ń bọ̀, irin ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ láti orí dé ìdí. Òkè òkun ni wọn ó ti kàn án parí, owó rẹ̀ á sì lé ní ẹgbẹ̀rún.

Àlájì tó ń ta obì, ará Ọ̀yọ́ tó ti di ará Adó, jókòó tì wá. Òun ló fẹ́ ra ọkọ̀. Bó bá dúró de lọ́ọ̀rì onírin, gbogbo oníbàárà wa á bá a dúró, torí òun ni wọ́n máa ń wò ṣe, ṣọ́ọ̀bù yín á sì di títì.

"Bàbá," ó wí fún mi, "ọmọ mi ni yóò máa wà á, ìyá rẹ̀ á sì máa jókòó lẹ́yìn lórí ẹrù. Ká ní ọmọ tiyín ni, èwo lẹ ó rà?"

"Àlájì, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni n ó rà."

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ fi àwàdà sílẹ̀!"

Mo wo pákó tó fara ti ògiri. Òkè ọ̀nà Ìgèdè ni mo rí lọ́kàn mi, lọ́jọ́ tí lọ́ọ̀rì tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn dojú dé pẹ̀lú yín nínú rẹ̀. Búréèkì ló já, kì í ṣe iṣẹ́ yín. Àmọ́ pákó náà fọ́ bí igbá. Èmi ni mo fọwọ́ yọ yín láàárín rẹ̀. Ṣé ó dùn yín púpọ̀? Ṣé ẹ pè mí, tí n kò tètè dé?

"Onírin ni," mo wí. "Dúró de onírin."

Àwọn ọmọṣẹ́ gbójú sókè. Àlájì kò dúpẹ́, ó kàn di ọwọ́ mi mú títí.

Ṣé ẹ bínú, Bàbá? Gbogbo ayé yín lẹ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi tì í. Mo sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé a ó máa kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bóyá a ó rí jẹ, bóyá a ò ní rí jẹ.

Lánàá, ọmọ Àlájì ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń súfèé. N kò bá a ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Mo kàn ń wò ó títí ó fi yà ní kọ̀nà.

Èmi ni,
alágídí ọmọ yín, tí àárò yín ń sọ.