Pèrègún Orí Máwẹ̀yìn

Ọjọ́ Àìkú, 10 Fẹ́búárì 1991

Ìjọ Ẹlẹ́ṣin tún ya bò wá lónìí. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ yẹn, inú ìwé yìí nìkan ni mo sì ti ń pè é. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá gbogbo wọn lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, àwọn bàbá olórí ewú, fìlà lórí eékún, tí wọ́n ń retí ọkọ mi bí ẹni ń retí bíṣọ́ọ̀bù. Alága ló kó wọn wá – Ọ̀gbẹ́ni Adéolú ti Mùṣín, ẹni tí ohùn rẹ̀ tó fún ìlú méjì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan fún Máwẹ̀yìn.

Ìrántí ọdún kan. Fún ẹṣin! Wọ́n ti mú ọjọ́ – Sátidé, 2 Máàṣì. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fẹ́ fi bo sàréè rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ sí i gàdàgbà.

Máwẹ̀yìn, orogún mi. Ó ti wà lọ́wọ́ ọkọ mi, Baba Tòún, kí èmi tó dé. Mi ò bá a ní pápá eré ẹṣin l'Ékòó, níbi tí wọ́n ní ó ti máa ń sáré tí àwọn ẹṣin yòókù á dà bí ohun tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni arúgbó ẹṣin tó ń na ọrùn gba ojú fèrèsé jẹ àgbàdo mi. Nígbà tí ìjọba tú pápá náà ká, tí olówó tó ni ín fẹ́ tà á fún àwọn apẹran, Baba Tòún – akọ̀wé kékeré ní rélùwéè nígbà náà – kó gbogbo ohun tó ní sílẹ̀, ó rà á, ó sì fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú rẹ̀ láti Èkó wá sí Ìgàndò níbí, nígbà tí gbogbo ibí ṣì jẹ́ ìgbó. Kò gùn ún. Ó ní ẹni tó ti sáré tó báyẹn, ó yẹ kí èèyàn bá a rìn.

Ẹ̀yìnkùlé Sìdíkátù, aládùúgbò wa tó ń ta èédú, ló gbé títí ó fi kú. Lańdílọ́ọ̀dù wa ní a ò gbọ́dọ̀ sin ẹran sínú ilẹ̀ òun. Sìdí ló ní kí wọ́n gbé e wá sáàárín tòun, ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ fún un. Baba Tòún gbin pèrègún sí i lórí ká má baà ṣi ibẹ̀ mọ̀. Ó ti ga jù mí lọ báyìí.

Ìṣẹ́gun, 12 Fẹ́búárì

Wàhálà dé.

Ẹbí Ọláoyè tó ni gbogbo ilẹ̀ apá ibí fẹ́ ta pulọ́ọ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sìdí. Baba Ọláoyè fúnra rẹ̀, olórí ẹbí, ló wá fi ààlà han ẹni tó fẹ́ rà á. Pèrègún la fi ń mọ ààlà níbí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kàtàpílà tó la ọ̀nà lọ́dún tó kọjá ti wú èyí tó wà láàárín pulọ́ọ̀tì méjèèjì dànù. Bàbá wò yí ká. Ó rí tiwa. Ó rìn tààrà lọ síbẹ̀, ó fi agbòjò rẹ̀ kan ìdí rẹ̀, ó ní: "Ààlà rèé."

Àárín ilẹ̀ Sìdí gan-an! Ibi tó ń kó èédú sí, ilé ìdáná, yàrá àwọn ọmọ – òdì kejì ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Sìdí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, sàréè ẹṣin nìyẹn jàre." Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn kò jọ ti Sìdí.

Ọjọ́rú Eérú, 13 Fẹ́búárì

Àlùfáà fi eérú sí mi níwájú orí. Sìdí ní kí n nu ojú mi, èédú òun ti ta bá mi.

Ẹtì, 15 Fẹ́búárì

Baba Tòún lọ dọ̀bálẹ̀ fún Baba Ọláoyè. Bó ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi nìyí – ọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ̀dùn púpọ̀. Bàbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní orógbó, ó sì ní òun ò pè é ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun ò tíì rí ẹni tó gbin pèrègún fún ẹran. Bí ẹṣin bá wà lábẹ́ rẹ̀, kí a hú u kí gbogbo ènìyàn rí i. Bí a ò bá hú u, bíríkìlà á bẹ̀rẹ̀ ògiri ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Kí lẹ wá sọ?" Mo bi í.

 Ó ní òun kàn dìde, òun ń bọ̀.

Àbámẹ́ta, 16 Fẹ́búárì

Ìjọ Ẹlẹ́ṣin pé jọ kí n tó gbálẹ̀ tán. Ìròyìn ti dé Mùṣín. Alága ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀: "Hú Máwẹ̀yìn kẹ̀? Orí èmi Adéolú ni wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́!" Gbogbo wọn ń ṣe àmín bí ẹni wà nínú ìsọjí.

Mo fẹ́ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti mú ọ̀rọ̀ kan sẹ́nu. Ni Mama Mary bá dìde, ìyá arúgbó kan láti Èbúté Mẹ́ta tó máa ń ta ẹ̀pà ní ẹnu ọ̀nà pápá láyé ọjọ́un. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó lọ bá pèrègún náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ tó sáré nínú òjò, mo da igbá ẹ̀pà mi nù. Mi ò ṣà á. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀pà ṣe?" Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

Irú ẹran wo rèé? Ó ti lé lógún ọdún tó ti sáré kẹ́yìn.

Sìdí wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nǹkan kan. Ó gbé omi fún wọn mu.

Ajé, 18 Fẹ́búárì

Mo lọ bá Sìdí lẹ́yìn tí mo ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni dé. Mo ní kó sọ ọ́ jáde, kó ní kí wọ́n hú u, ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ó ń ta èédú lọ, kò gbójú sókè. Ó ní: "Ìyá Tòún, mo ti rí bí ọkọ yín ṣe ń bá ẹṣin yẹn sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Mi ò lè la ẹnu mi sọ pé kó gbẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀, Ọlọ́run á fún mi ní òmíràn."

Ọlọ́run wo ló ń pín pulọ́ọ̀tì l'Ékòó báyìí? Mo bínú sí i. Mo bínú sí ọkọ mi. Mo bínú sí òkú ẹṣin. Mo dé ilé, mo la ìkòkò mọ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 20 Fẹ́búárì

Baba Tòún kò jẹun. Ó gbé àpótí lọ sídìí pèrègún, ó jókòó.

Ẹtì, 22 Fẹ́búárì

Mo là á mọ́lẹ̀ fún un lónìí. Mo ní, "Obìnrin yẹn gba òkú yín nígbà tí kò sẹ́ni tó gbà á. Kẹ́ ẹ wá fi òkú náà gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀?"  Ó wò mí. Ó ní, "Mo ti gbọ́."

Àbámẹ́ta, 23 Fẹ́búárì

Mo gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ kí ó tó yẹ̀ lójú mi.

Baba Ọláoyè dé pẹ̀lú bíríkìlà àti ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Ìjọ Ẹlẹ́ṣin ti dé ṣáájú wọn. Alága ti na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ lẹ́bàá pèrègún, àgbàlagbà tó ní ọmọ-ọmọ. Ó ní kí kàtàpílà wá gba orí òun kọjá. Kò sí kàtàpílà kankan níbẹ̀, bíríkìlà kan àti ṣọ́bìrì ni.

Ni Baba Tòún bá jáde láti ilé wa, ọkọ́ léjìká. Ó dúró lórí Alága. "Bọ̀dá Adéolú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Máwẹ̀yìn ò ní gba ilé obìnrin yìí."

Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n Alága dìde.

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó gbẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, kó má baà pa gbòǹgbò lára. Nígbà tó jìn dé itan, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀.  Mo gbọ́ bọ́ọ̀sì Ìkọ̀tún lójú títì, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Aṣọ la kọ́kọ́ rí. Ó ti jẹrà létí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n! Agbádá sányán ni, èyí tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ó ti sọ fún mi pé kòkòrò jẹ ẹ́. Òun ló fi wé orí ẹṣin.

Ó ṣí i. Egungun iwájú orí, ó gùn, ó mọ́, ó dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Gbogbo Ìjọ Ẹlẹ́ṣin bọ́ bàtà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Mama Mary ń pè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Máwẹ̀yìn. Máwẹ̀yìn," bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn lọ sórí ẹsẹ̀. Ìbínú mi nítorí agbádá kò pẹ́ ìṣẹ́jú kan. Bí mo ṣe dúró yẹn, mo mọ̀ pé ohun tó tóbi ló wà níwájú mi.

Baba Ọláoyè súnmọ́ ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó ṣí fìlà. "Kò sẹ́ni tó ń fi sányán bo ààlà," ló sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Òun náà ló kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò.

Ẹ̀yìn ilé Sìdí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àgbálùmọ̀, ni wọ́n fi ààlà sí. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti máa ń sọ pé ó wà.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Fẹ́búárì

Mi ò gbọ́ ìwàásù lónìí. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú orí ẹṣin ni mò ń rí.

Ọjọ́bọ̀, 28 Fẹ́búárì

Mo rò pé ó ti tán. Kò tíì tán.

Baba Ọláoyè yà sọ́dọ̀ wa. Ó ti gbọ́ nípa sìmẹ́ńtì tí Alága fẹ́ rẹ́. Ó ní òun wá bí ọ̀rẹ́. Ó sọ fún Baba Tòún pé, "Simeon, lónìí gbogbo wa ló mọ̀. Lọ́la a ó kú. Bí pèrègún bá dúró níbẹ̀, ẹbí mi á tún padà wá sọ pé ààlà ni. Bí ẹ bá sì rẹ́ sìmẹ́ńtì, tí ẹ kọ orúkọ sí i, ojú oórì nìyẹn. Ẹni tó bá ní ojú oórì lórí ilẹ̀ ló máa ń sọ pé ilẹ̀ náà jẹ́ tòun. Àwọn ọmọ Tòún lè wá bá àwọn ọmọ Sìdíkátù jà lórí rẹ̀."

Tòún ni ẹ̀rín pa, ó ní òun ò ní ọmọ. Mo lé e wọlé.

Baba Tòún sin bàbá dé ojú ọ̀nà. Òótọ́ ni bàbá sọ, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ẹṣin yìí jù lọ láyé ni kò gbọ́dọ̀ fi àmì kankan sí i lórí.

Àbámẹ́ta, 2 Máàṣì 1991

Wọ́n wá. Ọlọ́run mi, wọ́n wá! Mo ti rò pé Ìjọ Ẹlẹ́ṣin ò ju àwọn orí bẹ́ǹṣì yẹn lọ. Láti Abẹ́òkúta, láti Ìbàdàn, láti Badagry. Àwọn tí ọmọ wọn ń dì lọ́wọ́ mú. Ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ní kí wọ́n kọ ojú òun sí ibi tí ẹṣin náà kọ orí sí. Ọgbà Sìdí kún, ó kún dé ojú ọ̀nà.

Kò sí àdúrà gígùn. Wọ́n kàn ń rántí ni. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ eré ìje kan, òmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀ níbi tí ó ti yà ní kọ́nà, òmíràn á sọ bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Nígbà tí wọ́n dé ọjọ́ òjò, gbogbo wọn ti dìde, afọ́jú náà ti dìde, wọ́n ń na ọwọ́ síwájú, wọ́n ń kígbe orúkọ rẹ̀ mọ́ àyè òfìfo lókè àwọn àpò èédú. Èmi náà wò ó. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Ara mi bù máṣọ.

Baba Tòún wá sọ̀rọ̀. Kò gùn. Ó ní kò ní sí sìmẹ́ńtì, kò sì ní sí pèrègún. Ilẹ̀ ìyá kan nìyí, àwọn ọmọ rẹ̀ á kọ́lé sí i. Ariwo sọ. Alága jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba ìjókòó lábẹ́ rẹ̀. Baba Tòún dúró kí ariwo tán, ó wá di ìdí pèrègún náà mú, ó mì í, ó fà á tu.

Ó gbé àdá, ó gé e kéékèèké, ó sì ń pín in. Ẹni kọ̀ọ̀kan ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Inú ìkòkò ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí o," ló ń sọ fún olúkúlùkù wọn, "ẹ má gbìn ín sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ má lọ dá ìjà sílẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún. Mama Mary fi tirẹ̀ sínú ìborùn. Alága gba tirẹ̀ kẹ́yìn, ó dì í mọ́ àyà, ohùn tó tó fún ìlú méjì yẹn ò lè jáde.

Kò ku ẹyọ kan. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó gba díẹ̀ padà lọ́wọ́ Alága. Ó mi orí. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ náà, ó gba igi ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ Sìdí, ó bá a gbìn ín síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Sìdí ṣe gbin èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ilẹ̀ náà ò yàtọ̀ sí ilẹ̀.

Mo súnmọ́ ọn. Mo ní, "Kò ku nǹkan kan fún yín." Ó ní, "Ilẹ̀ Sìdíkátù ló gbà á. Ẹ jẹ́ kó gbà á tán."

Mo wọlé lọ bu omi. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ níṣojú gbogbo wọn, mo gbé e fún un. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé rẹ̀. Ó gbà á, ó mu ún tán, ó fún mi ní ife.