Iná Tán Nínú Bíbélì Kí N Tó Dárí Ji Ẹ̀gbọ́n Mi

Orí Òkè Nyakasiru,
Lọ́nà Kabale.

Kyarisiima ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ, nítorí ẹni tó jìnnà sílé kì í gba kíkí ẹyọ kan. Ṣé ara le? Ṣé eruku Kampala kò dí ọ nímú? Ọlọ́run tó bá ọ wọ bọ́ọ̀sì láti ibí kò ní í já ọ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀. Iṣẹ́ kò ní í bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní í rí ọ lọ́jọ́ tí o bá pẹ́ dé, ẹ̀wà tí o bá gbé kaná kò ní í jóná. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé o kò ní í ṣàìsàn, mo sì ti fi kún un.

Àlàáfíà ni a wà. Màlúù dúdú ti bímọ, akọ ni, ó sì ń kàn mí níkùn ní gbogbo àárọ̀ bí ẹni pé èmi ni mo bá ìyá rẹ̀ jà. Ológbò wa tó sá lọ ti padà wálé, kò sì sọ ibi tó lọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ ti wọ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi í sí ẹ̀yìn pátápátá nítorí pé ohùn rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Òjò ń rọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ìyẹn náà sì wà nínú ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ.

Mo gbọ́ pé o sunkún. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Eryakimu tó wà lọ́dọ̀ yín ló wá sọ fún ọ pé bàbá òun ti búra pé òun kò ní í tẹ àgbàlá wa lọ́jọ́ ìfọmọfọ́kọ rẹ, ìwọ náà sì ní bí kò bá wá, o kò ní í lọ sílé ọkọ kankan. Ọmọ mi, nu ojú rẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti yí padà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará òkè yìí, nítorí wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́ nítorí pé ìyá rẹ ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, wàá sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

O mọ ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ya nínú òjò èṣí, oko mi tó wà lókè gbéra, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì ṣí lọ sórí ilẹ̀ Eryakimu nísàlẹ̀, tòun ti ọ̀dùnkún tí ewé rẹ̀ ṣì dúró lórí, tòun ti igi ààlà tí bàbá wa gbìn. Mo ní ọ̀dùnkún mi ni. Eryakimu ní ta ló gbé e wá, ṣé kì í ṣe Ọlọ́run, ṣé mo fẹ́ gba ohun tí Ọlọ́run ta òun lọ́rẹ ni. Bó ṣe wú u nìyẹn, tó sè é, tó jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, òun a jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi a jókòó lẹ́bàá fèrèsé, bí àlùfáà bá sì ní kí a fi àlàáfíà kí ara wa, òpó ni èmi ń kí. Bẹ́ẹ̀ ìwọ náà mọ àṣà ilé wa, pé ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó ni í kọ́kọ́ fẹnu kan ògì bàbà, tí í sì súre, kí àwọn àna tó mu ún. Kò sì sí ẹ̀gbọ́n mìíràn tó kù fún mi láyé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Àlùfáà Bwengye wàásù pé ẹni tí kò bá dárí ji arákùnrin rẹ̀, kí ó má retí pé Bàbá wa ọ̀run yóò dárí ji òun. Èmi ló ń wò bó ti ń sọ ọ́. Mo sọ fún ìyá rẹ lójú ọ̀nà pé lójú ẹsẹ̀ ni n ó ṣe é, nítorí gbígbọ́ràn sí Ọlọ́run kò le rárá, ohun tó máa ń dúró sójú ọ̀nà ló le. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, òjò dé. Nígbà tí òjò dá, mo ní kí n kọ́kọ́ ka ẹsẹ náà dáadáa, kí n má baà dárí jì í kọjá ibi tí wọ́n kọ ọ́ dé. Mo ṣí Bíbélì tí o kó sínú fóònù fún mi. Mo ka “Bí ẹ̀yin bá dárí,” gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Iná tán nínú Bíbélì! Mo ké sí ìyá rẹ pé kó wá wo bí Olúwa fúnra rẹ̀ ṣe pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ní, “Bàbá Kyarisiima, Bíbélì oníwèé ń bẹ lórí àpótí.” Mo ní ti àtijọ́ nìyẹn, ta ló mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ wọn bára mu.

Mo gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà ní oríta, tó ń fi oòrùn gba iná. Nígbà tí fóònù jí, ó kọ ọ́ sí mi lójú pé Bíbélì yìí ti pẹ́, kí n gba tuntun. Ara mi bù máṣọ. Mo bi onígbàjámọ̀ léèrè pé kí ni wọ́n yí padà nínú Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó ní òun kò mọ̀, kí n ṣá tẹ̀ ẹ́. Èmi kọ́! Bàbá mi tó ṣèrìbọmi nínú ti àtijọ́ ńkọ́, ibo ni wọn yóò fi òun sí? Ṣùgbọ́n mo tún rò ó pé ó lè jẹ́ pé nínú tuntun yẹn, wọ́n ti dín ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kù, mo sì fi sùúrù dúró kí n lè rí i. Mo dúró títí ìyá rẹ fi ní ọ̀nà ilé Eryakimu kò bèèrè iná, kò bèèrè Bíbélì tuntun, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lásán ni. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Ó ní ṣé orúnkún mìíràn ni mo fi ń lọ ta ayò ní oríta. N kò dá a lóhùn, torí Ìwé Mímọ́ ní kí ènìyàn lọ́ra láti fọhùn.

Ìgbà náà ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Eryakimu ní irú fóònù yìí, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ nínú rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé màlúù, mo fọhùn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi Eryakimu, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ Olúwa, mo dárí jì yín lórí ọ̀dùnkún mi tí ẹ jí, gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan àwọn ńláńlá tó wà lẹ́bàá òkúta. Àmín.” Kò pẹ́, fóònù máàkì í fún mi. Ìwọ náà ṣáà lọ sí ilé ìwé, o mọ àmì tí tíṣà máa ń fi síwájú ohun tí ọmọ bá gbà. Ẹyọ kan ni tíṣà mi máa ń fún mi lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn. Méjì ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi! Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì tún di aláwọ̀ aró bíi yíǹkì ọ̀gá àgbà. Mo sọ fún ìyá rẹ pé Eryakimu ti yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì ti yege.

Nígbà tí àwa ará ìgbàlà pàdé, mo dìde, mo jẹ́rìí. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi àti èmi ti parí ìjà, ẹ̀rí rẹ̀ ń bẹ nínú fóònù mi. Ọmọ mi, orin sọ! Wọ́n ń gbá mi mọ́ra, omijé bọ́ lójú àlùfáà. Àṣé Merabu ìyàwó Eryakimu ń bẹ lẹ́yìn, kò bá wa kọrin. Ó dìde, ó kawọ́ mọ́ àyà, ó ní, “Ẹ bi í léèrè ohun tó sọ. Ó pe ọkọ mi lólè, ó tún ṣe àmín sí i!” Orin já sí méjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ tí o gbọ́ ní Kampala ti wá nìyẹn, ibẹ̀ náà ni fóònù mi bá lọ. Àlùfáà nu ojú rẹ̀, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Yosamu, ẹsẹ̀ rẹ ni kí o gbé lọ.”

Mo gbé ẹsẹ̀ mi lọ. Ìyá rẹ bu ògì bàbà sínú akèrègbè fún mi kí n má baà lọ lọ́wọ́ òfo, mo wọ kóòtù, mo ń ka ohun tí n ó sọ lórí. Koríko ti bo ọ̀nà náà, nítorí kò sẹ́ni tó tún ń gbà á nínú ilé méjèèjì. Nígbà tí mo dé ibi tí ilẹ̀ ti ya, ẹsẹ̀ mi yọ̀. N kò tilẹ̀ ṣubú bí ọmọlúàbí. Ìjókòó ni mo jókòó, tí mo ń bá ìdí lọ, akèrègbè ṣíwájú, mo tẹ̀lé e, títí mo fi já sí àárín ẹ̀wà Eryakimu. Ọrùn ẹsẹ̀ mi yẹ̀, mo sì lọgun.

Òun náà ló jáde sí mi, tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́. Ó ní, “Yosamu, ṣé ìwọ náà ni Ọlọ́run tún gbé wá fún mi báyìí?” Merabu rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ìrora ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ lọ́nà. Eryakimu kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, ó ní kò ṣe é tẹ̀, ó sì ké sí àwọn ẹgbẹ́ elengozi tí í fi apẹ̀rẹ̀ gbé aláìsàn lórí òkè wa. O mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ké pè wọ́n, bí òkèlè bá wà lẹ́nu ẹni, yóò tu ú sílẹ̀ ni. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ dé, wọ́n tẹ́ mi sínú rẹ̀ bí aláboyún. Wọ́n ní kí Eryakimu yẹra, pé ó ti dàgbà jù fún òkè yìí. Ó ní, “Ta ni ẹ fẹ́ gbé? Àbúrò mi nìyẹn. Ẹ bùn mí láàyè.” Òun ló gba ọ̀pá iwájú sórí èjìká.

Bí wọ́n ti gbé mi sókè ni mo rí ilé rẹ̀ dáadáa. Ọmọ mi, ilẹ̀ tó ya lọ́jọ́ náà kò dúró sí oko. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ yàrá tí òun àti Merabu ń sùn. Ògiri náà sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́. N kò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ń ké ọ̀dùnkún, ọ̀dùnkún, n kò sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó bóyá ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń mí. Mo dùbúlẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mo ń wò, ó ti rù, òógùn ń ṣàn níbẹ̀, ìtìjú sì mú mi débi pé mo fẹ́ kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ kí n máa rá bàbà lọ sílé. Mo wá ìdáríjì tí mo dì mọ́ra bọ̀, n kò rí i. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ yẹn ì bá pa yín.” Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. N kò wá wò yín.”

Ó ní, “Dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn. O wúwo.”

Nígbà tí a dé ibi tí àwọn tó gbé mi ti ń pààrọ̀ èjìká, òun kọ̀, kò pààrọ̀. Ó ṣáà mí kanlẹ̀, ó ní, “Ọ̀dùnkún yẹn kò tilẹ̀ dùn.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, apẹ̀rẹ̀ ń mì, èmi nínú rẹ̀ ń sunkún, wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Torí náà, sọ fún àwọn àna wa kí wọ́n máa bọ̀. Eryakimu ní òun yóò ti jókòó kí wọ́n tó dé, òun ni yóò sì kọ́kọ́ fẹnu kan ògì, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ òun.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. N kò fẹ́ ni ọ́ lára. Bí Olúwa bá jẹ́ kí o rí, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró tí a fi ń wọ́ ẹsẹ̀, àti ṣúgà ìyá rẹ, torí ó ní akọrin kò gbọdọ̀ mu tíì lásán. Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù ni bàtà òjò, irú èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín. Ra tèmi, kí o sì ra ti Eryakimu. Òun àti Merabu ti ṣán ọ̀nà náà láti ìsàlẹ̀, ìyá rẹ ń ṣán an bọ̀ láti òkè, ṣùgbọ́n ó ṣì ń yọ̀, a ó sì máa gbà á lójoojúmọ́. Eryakimu ló jókòó tì mí bí mo ti ń kọ èyí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ òun tóbi ju tèmi lọ, kí o má lọ ra ìwọ̀n kan náà.

Ilé ọkọ yóò gbà ọ́. Wàá bí àwọn ọmọ tí yóò máa rìn lọ sílé ara wọn. Olúwa yóò mú òkúta kúrò lójú ọ̀nà rẹ, bó bá sì ṣe pé ìwọ fúnra rẹ ni òkúta náà, yóò rọra yí ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yosamu Ndyanabo.