Ẹ Má Tíì Tẹ̀ka sí Ilẹ̀ Oko Bàbá

Ìyá mi, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ lè ti tẹ̀ka sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko Bàbá kí lẹ́tà yìí tó dé. Bí ẹ ò bá tíì tẹ̀ ẹ́, ẹ dákun, ẹ dúró.

Ẹ kú ilé o. Mo kí àbúrò mi Títí tó ń kà á fún yín, mo kí gbogbo ará ilé ní Ìkirè. Kó kà á sókè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí. Àlàáfíà la wà ní Okota, àfi òjò tí kò jẹ́ kí oníbàárà yà sí ìsọ̀ páìpù mi ní Òṣòdì. Bí mo bá sì ti jókòó lásán báyìí, ìfura ló ń wá.

Fúnmi, ọmọ mi, ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Àgbà ọmọ, kò lọ sí ọ́fíìsì, iwájú kọ̀ǹpútà ló ń wà láti àárọ̀. Ó ní òun ń kọ ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò bí tíṣà ṣe ń ṣe é lójú bọ́ọ̀dù. Pé kọ̀ǹpútà, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á sọ ìdá kan nínú mẹ́ta di póìǹtì tírì-tírì-tírì, á gé e níbi tó bá wù ú, òun ló ń sọ fún un pé kó fi kan lórí mẹ́ta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìṣirò á fi parí. Mo wò ó títí. Ta ní ń sanwó fún irú ìyẹn? Mo ní bó bá jẹ́ gbájúẹ̀ ló ń ṣe, kó sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbájúẹ̀ wo ló ń fi ìdá jẹun.

Àfi ìgbà tí Bọ̀dá Jídé, àkọ́bí ìyálé yín, pè mí. Wọ́n ní ìyàwó mẹ́ta ni Bàbá fẹ́, ìdí igi mẹ́ta ni, kálukú gba mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ẹ máa tẹ̀ka sí ṣe wí. Mo dúpẹ́. Fúnmi kò dúpẹ́ ní tiẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́nà mẹ́ta, ó di mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó tẹ kan lórí mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, ó di odindi. Ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́:

“Dádì, ta ló ni ọ̀kan tó ṣẹ́ kù yẹn?”

Mo pe Bọ̀dá padà. Wọ́n ní kò tó nǹkan, pé nígbà tó jẹ́ àwọn ló dúró ti àwọn tó wá wọn ilẹ̀, àwọn náà ni yóò máa mójú tó o. Mo bi wọ́n pé apá ibo ló bọ́ sí. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ̀gbẹ́ títì, Ìyá mi, níbi tí gbogbo ayé ń wá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù sí. Mo ní kí wọ́n pín in ní ìdá mẹ́ta ọgbọọgba dé títì. Wọ́n ní èmi àti ọmọ mi tó mọ̀wé fẹ́ da ẹbí rú, wọ́n pa fóònù. Fóònù wọn náà ni mo sì máa ń fi bá yín sọ̀rọ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé.

Ó lè jẹ́ pé wọn ò mọ̀. Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹ́ kù, báwo ló ṣe tètè mọ ẹni tó máa mójú tó o?

Àwọn ọmọ mi ò ní dáko. Ohun tó ń já mi láyà ni pé lẹ́yìn wa, àwọn àti àwọn ọmọ Bọ̀dá á jogún ìjà orí ọ̀kan yẹn.

Fúnmi kí ìyá àgbà rẹ̀. Mo ṣì ń ṣọ́ ọ o. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá pẹ̀lú, mi ò bá wọn jà. Olúwa á dá yín sí fún wa, ara yín á máa le. Ẹ jẹ́ kí Títí kọ èsì kíákíá, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ gbọ́: ṣé ẹ ti tẹ̀ka?

Ọmọ yín,
Rópò