Bàbá Mi, Èmi Ni Mo Fẹ̀yìn Lélẹ̀ Fúnra Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú àìgbúròó ara ẹni. Èmi Sámúẹ̀lì ọmọ yín ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ajégúnlẹ̀ níbí. Mo kí Ìyá mi. Mo mọ̀ pé wọn á ti máa nu ojú kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí dé ìdajì. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Fúnmiláyọ̀ àti àwọn ọmọ. Gbogbo ẹlẹgbẹ́ yín tó ń jókòó síwájú ilé wa lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sétí wọn, mo kí wọn pẹ̀lú. Àwọn ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí lónìí, kí ẹ má baà ká bébà yìí sápò láìkà á tán.

Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìyá mi ránṣẹ́ sí mi pé láti bí ọdún kan, ẹ kò ṣí ọ̀kankan nínú àwọn lẹ́tà tí mo kọ. Aṣọ tí mo fi ránṣẹ́ ní Kérésì, ẹ dá a padà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ olóòtú pé kí ó bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síbi tí mo mọ̀ pé ojú yín á dé.

Mo mọ ohun tí ẹ gbọ́. Bàbá Táyélolú, ìbátan wa tó wá gba ẹrù ní Wharf Road, ló yà kí mi. Wọ́n bá mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Malu Road, tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù trélà, tí ọkùnrin kan sì kúnlẹ̀ síwájú mi tó ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n délé, wọ́n ní ọmọ ọkùnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí nínú ìjàkadì ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ará Wárí, wọn kò tilẹ̀ tì í. Òótọ́ ni wọ́n sọ, wọn kò kàn sọ ọ́ tán ni. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé a kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Tótó, ó ṣe bí òwe o.

Iṣẹ́ mi ṣì ni ẹrù rírù ní Kirikiri, níbi tí àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ ti ń kó ẹrù wá láti ara ọkọ̀ ńlá. Bí a bá ru àpò ìrẹsì títí di ìrọ̀lẹ́, ọrùn á gan. Owó rẹ̀ ń bọ́ mi, àmọ́ láti ìgbà tí ọjà ti gbówó lórí yìí, kò kọjá ẹnu. Òjò náà ti dé. Omi wọ yàrá mi, mo gbé mátíráàsì sórí tábìlì, èmi náà gun orí rẹ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ sùn. Èrò pọ̀ níbí ju ti ìlú wa lọ, síbẹ̀ èmi nìkan ni mò ń dá jẹun. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí àfi ẹni tó ń gbé àpò lé mi lórí.

Ohun tó gbé mi dé orí tapólì nìyẹn, kì í ṣe ìjà. Ọkọ̀ òkun kan láti Brasil bàjẹ́ sí èbúté Apápá, ọkùnrin tó ń se oúnjẹ nínú rẹ̀ sì máa ń jáde wá sọ́dọ̀ wa nírọ̀lẹ́. Orúkọ rẹ̀ kò gba ẹnu wa, a sọ ọ́ ní Àgùdà. Ó kọ́ wa ní ìjàkadì ìlú wọn. Ní tiwọn, bí ẹ̀yìn bá kan ilẹ̀, ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tó wà nílẹ̀ á fi itan méjèèjì gbá ẹni tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ mú ní ìbàdí, á sì fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gúádà ni wọ́n ń pè é. Ẹni ìsàlẹ̀ ló di ẹni òkè mú, òun kọ́ ni wọ́n dá. Ẹ rọra o, Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ti pòṣé.

Ibi tí wàhálà mi wà ni ìgbà tó bá kan kí n tú ẹsẹ̀ náà. Ó yẹ kí n ṣí itan, kí n sún ìdí sí ẹ̀gbẹ́, kí n ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ itan rẹ̀, kí n fi gbé e ṣubú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣí i báyìí, Èfé, ará Wárí tí Bàbá Táyélolú rí, á ti fi orúnkún la àárín kọjá, á ti dùbúlẹ̀ lé mi láyà. Mo yára sí i, kò ṣe é ṣe. Mo fi agbára kún un, ó burú sí i. Kí Àgùdà tó rí ojútùú rẹ̀, wọ́n tún ọkọ̀ wọn ṣe, ó sì bá a lọ. Ó ku èmi àti Èfé, kò sì sí èyí tó mọ̀ ju èkejì lọ.

Èfé ló wá dá ọgbọ́n kan. Ó ní kí n máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, ó sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn mi. Bí mo ti tú ẹsẹ̀, ó ní kí n dúró bẹ́ẹ̀. Ó fi pijin bi mí pé kí ló wà nílẹ̀ tó ń jó mi lẹ́yìn. Mo wo ara mi: ẹ̀yìn mi ti gbéra kúrò lórí tapólì, mo sì ń sáré dìde láìmọ̀. Gbogbo ìwúwo ara mi ti jókòó sórí ìdí, ìdí ò sì lè sún sí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Orúnkún Èfé kàn ń gba ọ̀nà tí mo là fún un ni.

Bàbá, ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti kékeré, lórí iyẹ̀pẹ̀ oko, pé ẹ̀yìn kan ilẹ̀, ó parí. Kí n tó mọ̀ pé mo ń ṣubú, ara mi á ti yí. Mo ṣàlàyé fún Èfé. Ó ní àṣé bàbá mi ni òun ti ń bá jà láti ọjọ́ yìí. Ẹ má bínú sí i, ọmọ dáadáa ni.

A wá tún un tò. Kí n tó tú ẹsẹ̀, màá kọ́kọ́ di apá aṣọ kakí tó máa ń wọ̀ jà mú ṣinṣin, bí ẹ ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́, tí ìka kì í tú. Màá gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kan lé e ní ìbàdí kí ó má baà sún mọ́ mi. Nígbà náà ni màá wá fi èjìká kan sinmi lé ilẹ̀, kí ìdí lè ráyè sún. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni kí n gbà kí ilẹ̀ gbé mi. Ọjọ́ tó bọ́ sí i, Èfé bá ara rẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀run, èmi sì wà lórí àyà rẹ̀. Mo pariwo. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mò ń wá ẹni tí mo fẹ́ sọ fún. Èfé yọ̀ fún mi tọkàntọkàn, àmọ́ kì í ṣe òun ni mò ń wá. Ẹ̀yin ni. Mo sunkún ní Malu Road lójú àwọn awakọ̀, mo ní òógùn ló wọ̀ mí lójú.

N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ fẹ́ràn ìjàkadì náà. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, màá kà á. Bí ẹ bá ní kí n wálé kí ẹ dá mi mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ẹlẹgbẹ́ yín, màá wọkọ̀ lọ́la. Ohun tí n kò lè fara dà mọ́ ni ìdákẹ́ yín. Ní èbúté, Sámú ni wọ́n ń pè mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bùrọ̀dá Sámúẹ̀lì ni. Nínú gbogbo èrò Ajégúnlẹ̀ yìí, kò sí ẹnì kan tó mọ oríkì mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń fi í jí mi ní kùtùkùtù, ẹ ó fa ìparí rẹ̀ gùn títí màá fi dáhùn. Ó ti ń ṣe mí bíi pé mò ń gbàgbé bí ohùn yẹn ṣe máa ń lọ.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ̀yin àti Ìyá mi jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa, ẹ kí Bàbá Táyélolú náà, ẹ ní n kò bínú sí wọn.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣì ń dúró kí ẹ pe òun,

Àkànní