Núdù Tó Pa Èmi àti Bàbá Télọ̀ Lẹ́kún

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ tó máa ń bínú láàárọ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun kó tó wá síbi iṣẹ́ báyìí? Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jókòó. Bó bá bá ọ lórí ìjókòó, má dìde, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn. Ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, ẹni tí yóò fi ẹnu rẹ̀ ṣe ọ́ lóore kò ní ya odi lọ́jọ́ náà. Àmín.

Àwa náà wà. Ìyá rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó bímọ, ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ó ní òun kò tíì lè fi ọmọ náà sílẹ̀ torí pé ọmọ náà ti mọ òun. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Èmi tí mo ti fẹ́ ẹ láti ọdún méjìlélógójì, kò bi mí bóyá mo mọ òun. Ọbẹ̀ tó sè sílẹ̀ pé kí n máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kẹrin, má sọ fún un. Láti ìgbà náà búrẹ́dì ni mò ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, agbára tí mo fi ń gbé òòlù kò sí lára mi mọ́. Ibi tí ebi ti fẹ́ dójú tì mí nìyẹn tí páálí tí o fi rán awakọ̀ fi dé.

Mo dúpẹ́ páálí. Núdù tí o ní àwọn ará Kòríà ń jẹ, tí o ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló ń gbà, mo mú ọ̀kan lọ síbi ìmọ́lẹ̀, mo wọ awò mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà wọn wù mí. Gbogbo rẹ̀ dà bí iṣẹ́ káfíńtà: èyí dà bí àga, èyí dà bí férémù fèrèsé, èyí dà bí ẹni tó gbé àkàsọ̀ ti ògiri. Mo ní àwọn tó ń kọ̀wé báyìí kò lè se oúnjẹ burúkú. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè kà lójú rẹ̀ ni nọ́ńbà kan, ìyẹn méjì, pẹ̀lú àmì ìlọ́po lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí a fi ń ṣe ìṣirò nílé ìwé. Nípa bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé méjì méjì ni wọ́n ń sè é. Wọ́n ya iná sábẹ́ nọ́ńbà náà, ìyẹn ni pé orí iná ni kí ènìyàn gbé e kà. Wọn kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣìnà, ó wú mi lórí.

Mo wá tẹ fídíò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ti obìnrin tó ń sè é. Fóònù kọ́kọ́ bi mí bóyá mo gbà kúkì. Mo ní mo gbà. Mo gbé àwo kalẹ̀ dè é, n kò rí nǹkan kan títí di òní; bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí obìnrin náà yọjú, mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mílíọ̀nù méjì ènìyàn ló ń wò. Ọmọ mi, síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀, èyí tó ya lábẹ́ abíyá. Mo yára da fóònù dojú bolẹ̀, mo lọ wọ aṣọ, mo dé fìlà, mo gbá ilé ìdáná, mo wá padà kí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà pé ẹ kú ìjókòó o. Kò sẹ́ni tó dáhùn, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù méjì kò lè dáhùn pọ̀, ariwo rẹ̀ yóò pọ̀ jù.

Èdè tí obìnrin náà ń sọ kò yé mi, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ yé mi. Bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn, ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọwọ́ obìnrin yìí yá ju ti ènìyàn lọ. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti rẹ́ àlùbọ́sà tán. Kí n tó nu awò mi, ááyù ti wà lórí iná. Mo ní bóyá ọkọ̀ ló fẹ́ lọ wọ̀. Èmi náà sáré tẹ̀ lé e, díẹ̀ ló kù kí n rẹ́ àtàǹpàkò mi mọ́ àlùbọ́sà. Mo din àlùbọ́sà àti ááyù, mo gbé omi kaná, mo da núdù méjèèjì sí i, ó rọ̀. Obìnrin náà wá da omi tiẹ̀ nù, ó ṣẹ́ bíi ṣíbí mẹ́jọ kù sínú ìkòkò. Ibi tó dà á sí ni n kò rí. Mo da tèmi gba ojú fèrèsé.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dé, torí Bàbá Télọ̀ ń kọjá lábẹ́ fèrèsé náà.

O mọ ohun tó wà láàárín èmi àti Télọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n màá tún un sọ, kó má lọ jẹ́ pé ẹnu ìyá rẹ nìkan lo ti gbọ́ ọ. Ọdún méjì àti oṣù méje sẹ́yìn ni Télọ̀ jókòó sórí àga tí mo kàn, níwájú gbogbo ìpàdé àdúgbò, àga ṣẹ́, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sókè bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ìlédìí fún. Ó dìde, ó ní igi jíjẹrà ni mo fi kan àga. Mo ní igi mi kò ṣe nǹkan kan, ìdí rẹ̀ ni kó lọ bá wí. Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ àfi tí mo bá kọ́kọ́ bá òun sọ̀rọ̀, mo ní èmi náà kò ní bá a sọ̀rọ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ló jẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà, ilé wa kan ara wọn, a ò kí ara wa. Ìwọ gan-an tó o bá wálé, ẹ̀yìn ilé lò ń gbà lọ kí i, o rò pé n kò mọ̀. Wàá sì rí i pé "ó" ni mò ń pè é, ẹ̀gbọ́n tó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Ìjà yẹn ló gba "wọ́n" kúrò lẹ́nu mi. Ṣe sùúrù, má tíì bínú.

Omi gbígbóná náà já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fò sókè, fìlà rẹ̀ bọ́, ó kígbe pé ṣé mo fẹ́ bó òun láàyè ni. Mo yọrí lójú fèrèsé. Ó yẹ kí n béèrè bóyá omi náà kàn án lára. Ọmọ mi, n kò béèrè. Ohun tí mo sọ ni pé, o ti sọ̀rọ̀! Ó ní òun kò sọ̀rọ̀, igbe ni òun ké. Mo ní igbe tó bá fi "ṣé" bẹ̀rẹ̀, tó sì ń béèrè èsì, ọ̀rọ̀ ni. Ó ní ẹni tí omi gbígbóná ń lé, ohunkóhun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde kò sí nínú àdéhùn. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí. Ó ní ta ni mò ń pè ní "o", mo ní ìwọ ni. A wà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wà níta, mo wà nínú ilé, kí àwa méjèèjì tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn sí wa pé ọ̀rọ̀ la kúkú ń bá ara wa sọ.

Òórùn ááyù ló gbà wá. Ó ní kí ni mò ń jó. Mo ní n kò jó nǹkan kan, oúnjẹ ni mò ń sè, méjì méjì ni wọ́n ń sè é, kò sí bí mo ṣe lè dá a jẹ. N kò ní kó wá o. Òun náà kò ní òun ń bọ̀. Mo kàn rí i nínú ilé ìdáná ni.

Ìṣojú rẹ̀ ni mo ti da ata sí i. Inú ọ̀rá kékeré ni ata náà wà, ó pupa, ó ki bíi gúlúù. Obìnrin orí fóònù da ọ̀kan, mo da méjì, torí núdù méjì ni. Ó wá wọ́n ata gbígbẹ díẹ̀ sórí rẹ̀ kó lè rẹwà. N kò mọ ìwọ̀n, mo ń wọ́n tèmi títí mo fi rí i pé ó rẹwà. Mo da àwọn ewé dúdú wẹ́wẹ́ inú ọ̀rá kejì sí i, tí o ní inú òkun ni wọ́n ti ń já a, mo fọ́ ẹyin sí i, mo rò ó pọ̀. Ọmọ mi, ó pupa, ó ń dán bí àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní fáníìṣì. Ó wù mí débi pé mo fẹ́ fi í sílẹ̀ kó gbẹ.

Télọ̀ kò jókòó. Ó ní òun kò ní jókòó lórí igi mi mọ́ láyé. Ó gba àwo, ó fara ti ògiri bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ó fi fọ́ọ̀kì kó o sẹ́nu, ó ní ó dùn. Mo kó tèmi, mo ní ó dùn. Òótọ́ ni, ó dùn, ó ní iyọ̀, ó ní ṣúgà díẹ̀, ááyù rẹ̀ wọlé. A tún jẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ata náà kò sọ nǹkan kan ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ń wò wá ni. Ìgbà tí a dé orí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dìde.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ahọ́n, ó gba etí jáde. Orí ń yún mi lábẹ́ fìlà. Mo wo Télọ̀, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí n mọ̀, ó gbójú sókè àjà bí ẹni tó ń ka igi ibẹ̀. Èmi náà kò fẹ́ kó mọ̀ nípa tèmi. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé àwo sílẹ̀, a ń jẹ lọ. Nígbà tó ṣe, ó jókòó, ó jókòó pátápátá, sórí àga mi, kò bi í pé ta ló kàn ọ́. Mo rántí pé mílíìkì wà nínú ife lórí tábìlì. Mo nawọ́ sí i, òun náà nawọ́ sí i, ọwọ́ wa pàdé lára ife kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹnì kejì.

Báyìí ni Ìyá Nọ́ọ̀sì ojúlé kejì, èyí tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe já wọlé bá wa. Ikọ́ wa ló gbọ́ tó fi sáré wá. Ohun tó rí ni àgbàlagbà méjì tí wọn kò kí ara wọn láti ọdún méjì àti oṣù méje, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí omijé ń ṣàn lójú wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó káwọ́ lérí, ó ní Ọlọ́run, o ṣeun. Òun náà bú sẹ́kún. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un, mo ní "ata ni, ata ni", ṣùgbọ́n ètè mi ti wú, ó gbọ́ ọ sí "ó tán, ó tán". Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tán, ìjà ti tán. Ó bọ́ síta, ó ké sí àwọn aládùúgbò. Kí n tó nu imú, ilé ti kún. Wọ́n ń bọ̀ wá lọ́wọ́, àwọn kan ń sunkún. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù igun ní òun kò tíì rí ìrònúpìwàdà tó jinlẹ̀ tó báyìí rí, ó ní ẹ wo bí ojú wọn ṣe pọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé núdù ni? Télọ̀ wò mí, mo wo Télọ̀. A kàn ń mirí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo rò pé yóò dìde. Kò dìde. Ó mu mílíìkì tó kù, ó nu ojú, ó ní ṣé mo mọ ìdí tí òun fi ń gba abẹ́ fèrèsé mi. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí òun kò bá gbọ́ òòlù mi títí di ọ̀sán, òun máa ń wá kọjá láti mọ̀ bóyá mo ṣì ń mí. Ó ní ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí tí òun kò ti gbọ́ ọ.

Ọmọ mi, ata ti kúrò lójú mi nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ojú mi kò gbẹ. Mo sọ ohun tí n kò sọ fún ìyá rẹ pàápàá fún wọn. Mo ní mo mọ̀ pé gúlúù ẹsẹ̀ àga yẹn kò tíì gbẹ lọ́jọ́ ìpàdé, mo ń kánjú kí àwọn ènìyàn lè rí iṣẹ́ mi ni. Wọ́n ní àwọn náà mọ̀ pé ìdí àwọn ti tóbi, pé ṣòkòtò tí àwọn fọwọ́ ara àwọn rán lọ́dún yẹn ya lẹ́ẹ̀mejì. Wàá rí i pé mo ti dá "wọ́n" wọn padà fún wọn. Láti ibí lọ, "wọ́n" ni.

Mo ti kọ̀wé sí obìnrin náà lábẹ́ fídíò rẹ̀. Mo kí i, mo kí ọkọ rẹ̀ bó bá ní, mo ní ìjà ńlá parí nílé ìdáná mi, kó sì dín ata kù. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún na àtàǹpàkò sí mi. Inú bí mi, àfi ìgbà tí awakọ̀ ní ìyìn ni.

Ó kù díẹ̀ kí n pa á dé. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, owó gáàsì àti mílíìkì, owó dátà, torí mílíọ̀nù méjì ènìyàn kò lè máa dúró dè mí, àti owó ìkòkò ìyá rẹ, èyí tó fẹ́ràn jù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú kọjá fífọ̀, mo fẹ́ ra irú rẹ̀ kó tó dé. Má fi gba báńkì. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Mo tún lọ ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Irú ọmọ wo nìyẹn, tí kì í dúró síbi iṣẹ́, tí gbogbo wọn sì ń wo ojú rẹ̀? Ká ní ọmọ iṣẹ́ mi ni, ì bá ti gbọ́ tẹnu mi. Awakọ̀ ni kó o fi rán. Fi páálí mìíràn kún un, èyí tí kò ní nọ́ńbà méjì lójú, torí awakọ̀ ní ata ìlọ́po méjì ló dúró fún. Àmọ́ ra ti nọ́ńbà méjì díẹ̀ náà, torí alága àdúgbò àti akọ̀wé rẹ̀ kì í wo ojú ara wọn, mo sì ti pè wọ́n wá jẹun.

Ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń kà á láti ẹ̀yìn èjìká mi, wọ́n ní mo kọ ìdí àwọn tóbi jù. Mo fẹ́ súre fún ọ, wọ́n ní àwọn ni àgbà, kí n máa kọ ọ́, kí àwọn máa sọ ọ́. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ń ṣọ́ bóyá o ṣì ń mí kò ní wọ́n ọ. Wọ́n ní ohunkóhun tí o bá jẹ kò ní jẹ ọ́. Àmín tí àwa méjèèjì ṣe sí èyí, bóyá o ti gbọ́ ọ lọ́hùn-ún.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.